Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ ní Yunifásítì: Ta Ni Ó Ni Máàkì?

Ọ̀rọ̀ tí a óò jùmọ̀ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí ń fa àròyé nínú ilé púpọ̀, pàápàá nínú ilé tí ọmọ ti lọ sí Abomey-Calavi tàbí Kútọnu láti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọmọ á padà wálé, bàbá á béèrè pé máàkì mélòó ni ó gbà, ọmọ á ní 11 nínú 20. Bàbá á ní, "Kí ló dé? Ṣé ìwọ kọ́ ni o ń gba 16 nígbà tí o wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín?" Ọmọ á ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kì í ṣe máàkì mi nìkan, máàkì ẹgbẹ́ wa ni." Láti ibẹ̀ ni ilé á ti gbóná.

Ìyá kan ní Sakété sọ tirẹ̀ láì fi bò. Ó ní, "Owó ilé ọmọ kan ṣoṣo ni mo san ní Calavi, n kò sanwó fún ọmọ márùn-ún. Èéṣe tí ọ̀lẹ ọmọ ẹlòmíràn yóò fi jẹ nínú òógùn ọmọ mi, tí ọmọ mi yóò sì jẹ nínú ìyà ọ̀lẹ?" Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Bí máàkì bá já wálẹ̀, ọmọ lè pàdánù owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní bourse, ó sì lè tún ọdún ṣe. Ọdún kan sí i túmọ̀ sí owó ilé ọdún kan sí i, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń ta epo tàbí gààrí ní ọjà Pobẹ̀ mọ iye ọjọ́ ọjà tí òun óò ná kí irú owó bẹ́ẹ̀ tó pé. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ṣùgbọ́n kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ náà lọ kọ́.

Kọ̀ǹpútà, àti fóònù tí ó wà nínú àpò yín, kò lè dá ohunkóhun ṣe fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ní láti kọ àṣẹ fún un lẹ́sẹẹsẹ: bí a bá tẹ ibí, ṣe báyìí; bí owó kò bá pé, má ṣe jẹ́ kí ó lọ. Àkójọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ètò kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní logiciel. Nígbà tí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ yín lórí fóònù, ètò ni ó ń ṣiṣẹ́. Láti 2020 ni ìjọba Benin ti ṣí service-public.bj, níbi tí ènìyàn ti lè béèrè fún ìwé casier judiciaire lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ètò ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Apresmonbac.bj tí àwọn ọmọ tí ó yege báàkì ń wọ̀ láti yan ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́, ètò ni òun náà. Ìlà àṣẹ inú ètò ńlá kan lè pọ̀ ju gbogbo ẹsẹ inú Bíbélì lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, kò sì sí ẹnìkan tí ó lè dá a kọ, tí yóò sì mọ gbogbo rẹ̀ lórí.

Iṣẹ́ ṣíṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ kí ó dúró, kí ó má wó, ni wọ́n ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ, Génie Logiciel. Orúkọ náà kò tíì pẹ́ láyé. Ìpàdé kan tí àwọn onímọ̀ ṣe ní ìlú Garmisch ní Jámánì ní October 1968 ni ó sọ ọ́ di mímọ̀, nígbà tí wọ́n rí i pé ètò ńláńlá ń pẹ́, ó ń ná owó ju bí a ti pinnu lọ, ó sì ń kún fún àṣìṣe. Lónìí, wọ́n ń kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ IFRI, ìyẹn Institut de Formation et de Recherche en Informatique, nínú Yunifásítì Abomey-Calavi. Ní 2019, Epitech, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1999, ṣí ẹ̀ka kan ní Kútọnu lábẹ́ Sèmè City. Ní ti wọn, iṣẹ́ ṣíṣe ni òpó ilé, jíjókòó gbọ́ olùkọ́ kò tó nǹkan níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì tí ó lórúkọ ní Amẹ́ríkà, ACM àti IEEE, sì ti kọ ìwé ìtọ́ni fún àwọn yunifásítì ní 2004, wọ́n tún un ṣe ní 2014, pé kí ọmọ má ṣe jáde nínú ẹ̀kọ́ yìí láì ṣe iṣẹ́ ńlá kan, kí ó jẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́, kí iṣẹ́ náà sì tó ọdún ẹ̀kọ́ kan. Nítorí náà, kì í ṣe pé olùkọ́ ọmọ yín ń sá fún iṣẹ́ kíkọ́ni nígbà tí ó bá kó wọn jọ sí ẹgbẹ́.

Bí ó ti máa ń rí ni èyí. Olùkọ́ á pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún. Á fún wọn ní oníbàárà kan, ìyẹn ẹni tí ó fẹ́ ètò. Ó lè jẹ́ ilé-ìwòsàn tí ó fẹ́ mọ aláìsàn tí ó yẹ kí ó padà wá àti ọjọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ alájọ tí ìwé owó wọn ti dàrú. Àwọn ọmọ á lọ bá oníbàárà jókòó, wọ́n á kọ ohun tí ó fẹ́ sílẹ̀, wọ́n á pín iṣẹ́ láàrin ara wọn, oníkálukú á kọ tirẹ̀, wọ́n á so gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á dán an wò, wọ́n á rí i pé kò ṣiṣẹ́, wọ́n á tún un ṣe. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti fi í hàn àti láti dáhùn ìbéèrè. Soutenance ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ òbí tí ó bá gbọ́ èyí máa ń sọ pé, "Ó dáa, àáró ni nígbà náà." Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá pè é ní àáró yóò fi ojú àáró wò ó, yóò sì fi ìdájọ́ àáró dá a.

Ní àáró, oko tèmi ni a óò lọ lónìí, oko tìrẹ ni a óò lọ lọ́la. Gbogbo wa gbé ọkọ́, gbogbo wa ń kọ ebè kan náà. Bí ènìyàn mẹ́rin bá ń fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ebè oko kan, ènìyàn méjìlá lè parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ebè tèmi bá wọ́, kò sọ pé kí ebè tìrẹ má dára. Bí ọ̀lẹ kan bá sì wà láàrin wa, gbangba ni ó wà, gbogbo ojú ni ó ń rí i, a ó sì rántí rẹ̀ nígbà tí ó bá kan oko tirẹ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tí ń jẹ́ Fred Brooks, tí ó kú ní 2022. Òun ni ó ṣe olórí iṣẹ́ OS/360, ètò ńlá tí ilé-iṣẹ́ IBM ń ṣe fún ìran kọ̀ǹpútà tí wọ́n kéde ní 1964. Iṣẹ́ náà pẹ́ kọjá àsìkò tí wọ́n dá fún un, bí wọ́n sì ti ń kó òṣìṣẹ́ kún un ni ó túbọ̀ ń fà sẹ́yìn. Ní 1975 ó kọ ìwé kan, The Mythical Man-Month, níbi tí ó ti ṣàlàyé ìdí tí kíkó ènìyàn kún iṣẹ́ ètò tí ó ti pẹ́ fi máa ń dá a dúró ni, tí kì í yá a. Ìdí náà kò ṣòro láti lóye. Ẹni tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lè ṣàlàyé fún un. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tò ó sílẹ̀, kí ẹ fi okùn so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ gbogbo ìyókù. Ènìyàn 2 ní okùn kan ṣoṣo láàrin wọn. Ènìyàn 4 ní okùn 6. Ènìyàn 8 ní okùn 28. Ènìyàn 10 ní 45. Okùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ yé ẹni méjì, ó sì lè ṣì í yé wọn. Brooks yìí kan náà ni ó dá ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill ní 1964. Ọ̀nà tí ó yàn láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ yìí níbẹ̀ ni kí ó pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, kí wọ́n ṣe ètò fún oníbàárà gidi. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá ti jẹ níyà mọ ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Bí a bá ń wá àfiwé tí ó bá a mu nílé wa, ẹ jẹ́ kí a fi oko àáró sílẹ̀, kí a lọ sí ibi ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà ní Pobẹ̀ láti 1922, tí ó wà lábẹ́ INRAB lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbátan tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ bí a ṣe ń ṣe èso ọ̀pẹ tí àgbẹ̀ ń rà. Ọ̀pẹ kan wà tí èèpo ekùrọ́ rẹ̀ nípọn, dura ni wọ́n ń pè é. Òmíràn wà tí ekùrọ́ rẹ̀ kò ní èèpo líle rárá, pisifera ni. Bí a bá mú ìyẹ̀fun òdòdó akọ ti pisifera, tí a fi í sí òdòdó abo ti dura, ọmọ tí wọn yóò bí ni tenera, tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ẹran ara ẹyìn rẹ̀ sì pọ̀, tí epo sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo iye ọwọ́ tí iṣẹ́ náà ń gbà kọjá. Ẹnìkan ni ó ń fi àpò bo òdòdó abo kí kòkòrò tàbí afẹ́fẹ́ má baà gbé ìyẹ̀fun mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn ń gba ìyẹ̀fun akọ, ó ń pa á mọ́ kí ó má baà kú. Ẹnìkan ń fín in sí òdòdó nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó, kì í ṣe lánàá, kì í ṣe lọ́la. Ẹnìkan ń kọ nọ́ńbà igi ìyá àti igi bàbá sínú ìwé. Lẹ́yìn bí oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹnìkan ń gé ìdì ẹyìn náà, ẹlòmíràn ń fi ooru mú kí èso rẹ̀ hù. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá fi àpò tí ó ya bo òdòdó, tàbí tí akọ̀wé bá fi nọ́ńbà igi kan sí ipò òmíràn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo àwọn tí ó kù lẹ́yìn wọn yóò ṣe iṣẹ́ tiwọn dáadáa, ṣùgbọ́n lórí irọ́ ni wọn yóò ṣe é. Àgbẹ̀ ni yóò mọ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà tí ó bá la ẹyìn àkọ́kọ́ tí ó sì bá èèpo tí ó nípọn nínú rẹ̀. Ta ni yóò dá padà ọdún tí ó ti lọ?

Iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà jọ èyí. Ibi tí iṣẹ́ ẹnìkan ti kan iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ewu rẹ̀ wà, kì í ṣe inú iṣẹ́ ẹnìkan nìkan. Ní December 1998, Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ kan tí kò ní ènìyàn nínú lọ sí Mars, ọ̀kan nínú àwọn ayé tí ó ń yí oòrùn ká. Mars Climate Orbiter ni orúkọ rẹ̀. Ní 23 September 1999, ọjọ́ tí ó dé ibẹ̀ gan-an, ó sọnù. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ètò kan tí ilé-iṣẹ́ Lockheed Martin kọ ń fi ìwọ̀n pound ṣírò agbára ẹ̀rọ ọkọ̀ náà, nígbà tí àwọn tí ó ń darí rẹ̀ ní NASA gbà pé ìwọ̀n newton ni. Pound kan tó nǹkan bí newton mẹ́rin àti ààbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àgbàdo ní Ìgòlò láti tà á ní Ìdìrókò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá ń fi agolo tiwa wọ̀n ọ́n, tí èkejì ń fi kóńgò ti òdìkejì ẹnubodè kà á, tí kò sì sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì wọ̀nyí mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọn kò bára wọn sọ.

Ní kékeré, ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá àwọn ọmọ wa ní Calavi. Ọ̀kan á kọ ọjọ́ aláìsàn bí a ti ń kọ ọ́ ní Faransé, ọjọ́ ṣáájú oṣù. Èkejì á kọ oṣù ṣáájú ọjọ́ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí i nínú ìwé Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n bá so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, ẹni tí ó yẹ kí ó wá ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ á di ẹni tí a ń retí ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta. Ìjà á bẹ́. "Ìwọ ni o kò sọ fún mi." "Ìwọ ni o kò béèrè." Ẹ̀yin òbí, ìjà yẹn gan-an wà lára ẹ̀kọ́ tí ẹ sanwó fún. Ọmọ lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ra kí ó dá kọ́ bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ni ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ láì lọ sí yunifásítì. Ohun tí kò lè dá kọ́ nínú yàrá ni bí a ṣe ń fìdí àdéhùn múlẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò ronú bíi tirẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì dúró lé e.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá Sakété ṣì wà nílẹ̀. Gbogbo ohun tí a ti sọ kò sọ ìrẹ́jẹ di ohun rere, èmi kò sì fẹ́ràn àwọn tí ó máa ń fi "agbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà" bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá ń jìyà láàrin ẹgbẹ́. Nínú àyà tí a ń fi ọwọ́ sọ, ìka kọ̀ọ̀kan mọ̀ bí òun bá fara gbá a. Olùkọ́ tí ó fi máàkì kan náà fún ọmọ tí kò sùn àti ọmọ tí kò jí kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà wà tí a lè gbà mọ ẹni tí ó ṣe é. Ní 2005, Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ṣe ètò kan tí ń jẹ́ Git, tí ó dà bí ìwé ìrántí tí kì í gbàgbé: ó mọ ẹni tí ó yí ìlà kọ̀ọ̀kan padà, ọjọ́ àti wákàtí tí ó yí i. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ń lò ó, olùkọ́ sì lè ṣí i wò. Ó dára, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe fi òun nìkan ṣe adájọ́. Ọmọ tí ó kọ ẹgbẹ̀rún ìlà lè jẹ́ pé ó kàn ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni, ọmọ tí ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta wá àṣìṣe kan lè yí ìlà kan ṣoṣo padà, kí gbogbo iṣẹ́ sì dìde rìn. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí àwọn olùkọ́ ìlú ńlá lè gbàgbé. Bí ọmọ méjì bá ń pín kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lò, orúkọ ẹni tí ó ni ín ni yóò máa hàn nínú ìwé ìrántí náà. Ọmọ tí kò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí ó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ronú títí ilẹ̀ fi ṣú, yóò dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ fún olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó má dúró di ọjọ́ ìdájọ́.

Àwọn olùkọ́ mìíràn ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ sí. Bí ẹgbẹ́ bá gba 12, olùkọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ gbé ẹnìkan dé 15, kí ó sì sọ òmíràn kalẹ̀ sí 7. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mẹ́ta lè gbìmọ̀ pọ̀ lé ẹnìkẹrin lórí, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ ní ojú láti rí i. Èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ìbéèrè ẹnu lọ́jọ́ soutenance: kí olùkọ́ na ìka sí ibì kan nínú ètò, kí ó yan ọmọ kan, kí ó ní, "Ìwọ, ṣàlàyé ibí yìí, kí o sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá yọ ọ́ kúrò." Ẹni tí kò ṣe é kò lè sọ ọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí olùkọ́ máa pe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jókòó ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó bá ju iṣẹ́ sí àwọn ọmọ ní oṣù kìíní, tí wọn kò tún rí i mọ́ títí di ọjọ́ ìparí, kó ọmọ jọ ni ó ṣe, kò kọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tí ó ní ọmọbìnrin fetí sí dáadáa. Àwọn tí ó ti ṣe ìwádìí nípa ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè rí i pé àwọn ọmọbìnrin ni a sábà máa ń fi iṣẹ́ akọ̀wé sí lọ́rùn: kí wọ́n kọ ìròyìn, kí wọ́n to àwòrán, kí wọ́n rántí ọjọ́ ìpàdé, nígbà tí àwọn ọkùnrin jókòó ti kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọkùnrin náà lè má ní ète búburú, wọ́n á ní, "Ìwọ ni ìwé rẹ mọ́ jù." Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọmọbìnrin náà á gba ìwé-ẹ̀rí kan náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ní í tíì mọ iṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá bá sì ní kí ó jókòó kọ ètò lójú òun kí òun tó gbà á síṣẹ́, kí ni yóò ṣe? Kí ẹ bi ọmọbìnrin yín léèrè, "Apá wo nínú ètò náà ni ìwọ fọwọ́ ara rẹ kọ?" Bí ó bá ní ìròyìn nìkan ni, ẹ sọ fún un pé kí ó gba ìpín mìíràn nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé e, kí ọmọkùnrin kan sì kọ ìròyìn. Ọwọ́ ọkùnrin náà lè kọ ìwé.

Kí ni òbí tí kò mọ kọ̀ǹpútà lè ṣe? Ó lè ṣe púpọ̀. Nígbà tí ọmọ bá wálé, dípò kí ẹ béèrè máàkì nìkan, ẹ ní kí ó fi èdè wa ṣàlàyé ohun tí ètò náà ń ṣe, ẹni tí wọ́n ṣe é fún, àti ohun tí ẹni náà sọ nígbà tí ó kọ́kọ́ rí i. Bí ọmọ kò bá lè sọ ọ́ kí ìyá rẹ̀ tí ó ń ta epo lóye, ó ṣeé ṣe kí ó má tíì yé òun náà. Ẹ béèrè pé, "Ta ni ó ń so iṣẹ́ yín pọ̀, ìgbà wo ni ẹ sì so ó pọ̀ kẹ́yìn?" Bí ó bá dáhùn pé ọ̀sẹ̀ ìparí ni àwọn fẹ́ so ó pọ̀, ẹ mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó gbọ́n kì í dúró. Ó ń so ó pọ̀ ní ọjọ́ méjì méjì, kí àṣìṣe tó dàgbà.

Bí ọmọ bá sì ní ẹnìkan kò ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn, ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ lọ bá olùkọ́. Kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ pe ẹni náà jókòó. Ó lè jẹ́ ọ̀lẹ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ láti jẹun, tàbí pé ìpín tí wọ́n fún un kò yé e, tí ojú sì ń tì í láti sọ. Bí ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan àti ẹ̀ẹ̀kejì kò bá yí i padà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí wọ́n mú un lọ fún olùkọ́ nígbà tí àkókò ṣì wà. Ẹ̀sùn tí ó bá dé lẹ́yìn máàkì kì í sábà rí ẹni gbọ́ ọ.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe gbà ni kí ọmọ ní kí ẹ fún òun lówó ra iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe. Àwọn tí ó ń tà á wà, owó tí wọ́n ń gbà sì lè dà bí ohun tí ó kéré sí owó ọdún kan tí a tún ṣe. Ẹgbẹ́ tí ó ra iṣẹ́ ti ra èso ọ̀pẹ tí kò ní nọ́ńbà: ewé rẹ̀ á tutù, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí owó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ra wákàtí íntánẹ́ẹ̀tì fún un, tàbí kí òbí méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ kan náà dá owó jọ ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí ó dára fún àwọn ọmọ náà. Àjọ ni a mọ̀ níhìn-ín. Kò sí ohun tí ó ní kí a má dá irú èyí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí olùkọ́ bá ní kí ẹ wá oníbàárà fúnra yín, ẹ má ṣe rò pé Kútọnu nìkan ni wọ́n wà. Ẹgbẹ́ alájọ obìnrin kan ní Sakété tí ó ń fi ìwé ọmọ ilé-ìwé kọ owó ènìyàn ọgbọ̀n mọ ohun tí ó fẹ́ ju ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lọ. Yóò sọ fún yín lójú pé ètò yín kò dára, yóò sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ka Faransé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ètò náà lè fi Yorùbá sọ̀rọ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré nígbà tí iná kò bá sí.

Ní ti ọjọ́ soutenance, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń gba òbí láyè láti wọlé. Ẹ kọ́kọ́ ní kí ọmọ béèrè. Bí wọ́n bá gbà, ẹ lọ, ẹ jókòó lẹ́yìn, kí ẹ pa fóònù yín. Ẹ máa wo ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí kò sọ̀rọ̀, kí ẹ sì wo ojú àwọn yòókù nígbà tí olùkọ́ bá yan ẹnìkan láti dáhùn. Ẹ mú omi lọ́wọ́, nítorí pé ẹgbẹ́ mẹ́wàá lè wà níwájú ti ọmọ yín, ìjókòó náà sì máa ń pẹ́.